Ilé oko tó di ahoro: ṣé ẹni tó bá rí i lè kàn wọlé?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa ń lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé oko tí wọ́n ti pa tì níbí. A ó ya fọ́tò, a ó sì jáde. Mò ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá, mo sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó: ilé alámọ̀ àtijọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tí igbó ti bò. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n má dán an wò, pé gbogbo rẹ̀ ló ní olóhun. Èrò tèmi ni pé bí ilé kò bá ní ilẹ̀kùn mọ́, tí kò sì sẹ́ni níbẹ̀, kò sẹ́ni tí mo ṣẹ̀ bí mo bá wọlé. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?

* * *

Ẹ̀gbọ́n yín ló tọ̀nà. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó sílé, nítorí ohun tí ẹ fẹ́ wá wò yẹ ní wíwò, ó sì ń tán lọ.

Ilé tí ẹ bá rí lóko tí òrùlé rẹ̀ ti lọ, ilé ẹbí ni. Ó ní mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí, ó ní àwọn ọmọ ní Ìbàdàn, ní Èkó, bóyá ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí ẹ wà gan-an. Ẹnì kan kò lè dá a tà, ẹnì kan kò sì fẹ́ dá a tún ṣe, oníkálukú ń wojú ẹnì kejì pé kó ra pánù. Ohun tó ń wó ilé oko nìyẹn ju òjò lọ. Wíwó tó wó kò sọ ọ́ di ti ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá.

Ìdí kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú ilé ni àwọn bàbá wa ń sin òkú àgbà sí. Nígbà mìíràn ẹ ó rí simẹ́ńtì tó ga díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní igun yàrá, pẹ̀lú orúkọ àti ọdún lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn kò sí àmì kankan rárá. Yàrá tí ẹ rò pé ó ṣófo tí ẹ fẹ́ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sí, ó lè jẹ́ pé bàbá onílé ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ ronú bí yóò ti rí lára yín bí àjèjì bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí sàréè bàbá tiyín.

* * *

Ọ̀pọ̀ èsì tó ti wọlé ń sọ ohun kan náà lóríṣiríṣi: kò sẹ́ni tó máa bi yín, ta lẹ fẹ́ bi nígbà tí ibẹ̀ dá páropáro?

Ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀. Ẹ kàn lè má tètè rí i ni. Adẹ́mu lè wà lórí ọ̀pẹ. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí náà lè wà ní ahéré rẹ̀. Ọdẹ mọ gbogbo ahoro tó wà ní àgbègbè rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, abúlé tí èèyàn ṣì ń gbé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ní baálẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ mú obì dání, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ ọmọ ibi tí ẹ jẹ́, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ wò àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ wò ó. Kò gba ju wákàtí kan lọ. Wọ́n á fi ọmọ kan tẹ̀ lé yín.

Ọmọ yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí ẹ kó sínú báàgì lọ. Ní abà kan lọ́nà Oǹdó, ọmọkùnrin tí wọ́n fi tẹ̀ lé mi ń fi ìdí àdá lu ilẹ̀ níwájú wa bí a ti ń lọ. Ó dé ibì kan, ìró ilẹ̀ yí padà, ó dúró, ó wá rọra ká ewé gbígbẹ sẹ́yìn. Kànga ni. Ẹnu rẹ̀ kò ga ju ilẹ̀ lọ, pánù tó ti dípẹtà ni wọ́n fi bò ó, igbó sì ti bo pánù. Kò sí máàpù tó máa fi ìyẹn hàn yín.

Ẹni tó ń ráhùn pé baálẹ̀ gba owó lọ́wọ́ òun, mi ò bá yín kẹ́dùn. Ẹ gba àkókò rẹ̀, ẹ gba ọmọ tí ì bá máa ṣiṣẹ́ lóko lọ́jọ́ yẹn. Ẹ san án.

* * *

Arábìnrin tó ní òun dé ibi tí wọ́n júwe fún òun tí òun kò rí ilé kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àárín abúlé náà gan-an lẹ dúró sí.

Ilé alámọ̀ kì í pẹ́ padà sílẹ̀. Ní ipele ipele ni wọ́n ń mọ ọ́n, wọ́n á jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ògiri náà sì lè pẹ́ ju ẹni tó mọ ọ́n lọ bí òrùlé bá ṣì wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí pánù bá ṣí ni wàhálà dé. Òjò á máa bọ́ sórí ògiri, á máa là á láti òkè wá sísàlẹ̀, títí tí yóò fi ku ebè amọ̀ kan tí koríko hù lé lórí.

Nítorí náà, igi ni kí ẹ máa wò. Pèrègún kì í ṣèèṣì wà láàárín igbó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló gbìn ín, sí ojúbọ tàbí sí ààlà. Akòko náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí igi obì tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tàbí àgbálùmọ̀ àti ọsàn tó sún mọ́ra wọn níbi tí ẹ kò retí wọn, ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan nìyẹn. Lápá òkè, ní ilẹ̀ ọ̀dàn, igi osè ló máa ń ṣẹ́kù. Lẹ́yìn igi, ẹ wo ilẹ̀. Ibi tí wọ́n fi simẹ́ńtì tẹ́ láti máa sá kòkó kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Mo rí ọ̀kan tí igbó ti gba gbogbo ilé tó yí i ká, òun sì wà ní gbalasa, aláǹgbá ń yá oòrùn lórí rẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ ọmọdé kan wà ní igun rẹ̀ láti ìgbà tí simẹ́ńtì ọ̀hún ṣì tutù, ẹni tó tẹ́ ẹ sì ti fi ìka kọ ọdún sí i: 1957.

Irú ọdún bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa bá pàdé. Àwọn ọdún 1950 ni owó kòkó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tó ní simẹ́ńtì lóko wa, ìgbà náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ ya wọ abúlé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 ní 1955. Ẹ fojú inú wo iye ògiri tí wọ́n ní láti mọ kí ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó lè rí ibi jókòó sí. Ọ̀pọ̀ abúlé ló fi ọwọ́ ara wọn gún amọ̀, tí wọ́n fi orí ru pákó. Nígbà tó yá, owó epo rọ̀bì fa àwọn ọmọ wọ ìlú, igi kòkó gbó, títì tuntun gba ibòmíràn kọjá, àwọn tó kù sì kó lọ sí etí rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ inú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti abúlé kejì. Bí àwọn ilé tí ẹ fẹ́ wá wò ṣe di ahoro nìyẹn, kò sí àdììtú kan nínú rẹ̀.

* * *

"Ilé ẹ̀kọ́ ti ìjọba ni, ti gbogbo wa ni, àṣẹ wo ni mo tún ń gbà?"

Ẹ fara balẹ̀ níbí o. Ìjọ ló dá ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi, Mẹ́tọ́díìsì, Kátólíìkì. Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba gbà wọ́n mọ́ ìjọ lọ́wọ́. Ẹbí kan ló sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà láàyè, kò sẹ́ni tó ń jà. Gbàrà tó bá ti kú, ẹbí á ní ilẹ̀ àwọn ti padà sọ́wọ́ àwọn, ìjọ á ní àwọn làwọn kọ́ ọ, káńsù á ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Àjèjì tó bá gbé kámẹ́rà wọ irú ibẹ̀, sọ̀fíyọ̀ tí apá kejì rán wá ni wọ́n á pè é. Bí ó bá tún wá fi drone fò lókè, ó ti parí. Ẹ béèrè bóyá ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ kí ẹ tó yọ ohunkóhun jáde nínú àpò.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé lókè pé òun gbé rẹ́jísítà ilé ẹ̀kọ́ kan lọ sílé kí ikán má baà jẹ ẹ́, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi ṣe é, mi ò sì fara mọ́ ọn.

Orúkọ ọmọ wà nínú rẹ́jísítà, ọjọ́ tó wọlé, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá. Ẹlòmíràn wà ní abúlé yẹn tó jẹ́ pé òun nìkan ni ìwé tí orúkọ ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀ láyé. Bí ó ṣe wà ní yàrá yín báyìí, ikán kò ní jẹ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ta ló mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló wà? Ọmọ onílùú tó bá ń wá a kò ní rí i mọ́ láé. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo máa ń di ìwé náà sínú ọ̀rá, mo sì máa ń gbé e fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ jù tàbí baálẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó, àlùfáà tó ń bójú tó àgbègbè yẹn ni kí ẹ wá. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ gbà á, ẹ bá National Archives, ibi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn sọ̀rọ̀, kí ìjọ tàbí ẹbí fúnra wọn sì fọwọ́ sí i.

Ère, òpó gbígbẹ́ àti ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ nǹkan sí lára, òfin dá sí ọ̀rọ̀ tiwọn. Òfin tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ ní 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti òkè òkun bọ̀, ẹ má gbé kinní kan wọ pápákọ̀ òfurufú pé ẹnì kan ló fún yín.

Mo sì mọ̀ pé ìjọba fúnra rẹ̀ kì í ṣọ́ ohun tó bá sọ pé òun ń ṣọ́. Ìlójò Bar ní Èkó, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, àárín ìlú ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀. Inú ń bí mi sí i di òní. Ìyẹn kọ́ ni yóò wá mú kí àwa máa kó ti oko.

* * *

Ọ̀rọ̀ ewu wá kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọ nílẹ̀ òyìnbó ń gba ara yín níyànjú pé bí pákó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò bá dá yín lójú, kí ẹ máa tẹ etí ògiri. Ní ilé olókùúta, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀, ibẹ̀ gan-an ni kò dára. Orí igi tó gbé pákó ró wọ inú ògiri, ògiri ti mu omi, inú ògiri sì ni ikán ń gbà wọ igi. Ikán á jẹ inú tán, á fi ojú òde sílẹ̀ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Èmi kì í gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí pánù rẹ̀ ti ṣí, kò sì sí fọ́tò tó lè mú mi gùn ún.

Oṣù Kejìlá tí ẹ ń bọ̀ yìí, ọyẹ́ á ti dé, igbó á ti gbẹ, ẹ ó rí ọ̀nà. Ògiri kì í sábà wó nígbà náà bíi ti ìgbà òjò, pàápàá lẹ́yìn òjò tó rọ̀ mọ́jú. Àmọ́ ìgbà ẹ̀rùn náà ni ibà Lassa máa ń le jù, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tó ti ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní pàtàkì. Eku ló ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń wà nínú eruku ilé tí a ti pa tì. Mo bẹ yín, ẹ má gbá yàrá nítorí kí fọ́tò lè dùn ún wò. Ẹ lo ìbòmú, ẹ má jẹun níbẹ̀, ẹ fọ ọwọ́. Bí ibà bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ sọ fún dókítà ibi tí ẹ dé, ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, nítorí òun kò ní ronú kan Lassa bí ẹ kò bá sọ ọ́.

Ejò: bàtà òjò tó dé orókún, kí ẹ sì máa lu ilẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún èèyàn. Agbọ́n àti oyin fẹ́ràn igun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbójú sókè kí ẹ tó pariwo.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa iwin àti òkú: mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn kan ti ṣe. Ibi tí èèyàn ti gbé, tó ti bímọ, tí wọ́n sì sin ín sí, kì í ṣe ibi lásán lójú mi. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n kí wọn, "Ẹ ǹlẹ́ o, onílé," kí n tó wọlé. Bí ẹ bá rí yangí Èṣù lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wò ó dáadáa láìfọwọ́ kàn án. Bí epo orí rẹ̀ bá ṣì tutù, ibẹ̀ kì í ṣe ahoro. Ẹnì kan ṣì ń wá síbẹ̀, ẹ padà lọ wá a kí ẹ bi í.

* * *

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan èyí, nígbà tí a ti ń dárúkọ ẹ̀yìn Ifẹ̀ láti òwúrọ̀. Kì í ṣe gbogbo ahoro ni ọjọ́ ogbó mú wá. Nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000, wọ́n sun ọ̀pọ̀ abà, àwọn kan nínú àwọn tó sá kúrò níbẹ̀ kò sì padà. Ògiri tó dúdú láti inú, ó lè má jẹ́ èéfín ìdáná ló dú u báyẹn. Ẹni tó pàdánù bàbá tàbí ọmọ níbẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ń lọ sọ́jà, ó lè rí fọ́tò yín.

Ẹ bi baálẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣáájú gbogbo ìbéèrè: kí ló kó wọn kúrò? Bí ìdáhùn bá ń fà, bí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ẹ dúpẹ́, ẹ gba ibòmíràn lọ.

* * *

Ṣé kí a máa kọ ibi tí ilé wà síta? Rárá. Àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ń ka ohun tí à ń kọ. Bí ẹ bá fi fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì kan hàn tí pánù rẹ̀ ṣì pé, tí rííìmù ọkọ̀ tí wọ́n ń lù bí aago ṣì so lórí igi, tí ẹ sì kọ orúkọ abúlé sísàlẹ̀, irin yẹn lè má lo oṣù kan mọ́. Pánù ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà òjò á parí èyí tó kù. Ẹ kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, ó tó. Ẹni tó bá ní ìdí gidi á kọ̀wé sí yín.

* * *

Bàbá tó ní àwọn òyìnbó ń tọ́jú tiwọn ju àwa lọ, òótọ́ wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan wà láti 1957 tí wọ́n ń pè ní Friends of Friendless Churches, èkejì tó ń jẹ́ Churches Conservation Trust bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Iṣẹ́ wọn ni láti gba ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní ìjọ mọ́ kí wọ́n máa bá a tún òrùlé ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé sì lè wọlé. Àwọn ìjọ ọmọ Nàìjíríà náà sì ti ra ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn tó ṣófo ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti tún un ṣe, aago ti tún ń dún. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún bàbá wọn lóko, ìdì pánù díẹ̀ ì bá sì gba á là.

Bí ẹ bá fẹ́ ahoro tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní olùṣọ́, ẹ lọ sí Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, àmọ́ ẹ ó rí ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀yọ́ Ilé náà wà, inú páàkì ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ gba àṣẹ ní ọ́fíìsì wọn ní Ọ̀yọ́, ẹ má dá lọ.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá sọ fún wa pé abà bàbá òun wà lọ́nà Ifẹ̀, òun kò sì dé ibẹ̀ rí láyé òun, pé òun kò rò ó mọ́ ibi tí òun fẹ́ wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ pe ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin tó kù, kí ẹ ní kó ka yàrá ilé náà fún yín láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé: ta ló ń sùn níbí, ta ni wọ́n sin síbẹ̀, níbo ni kànga wà. Ẹ yà á sórí ìwé, ẹ kọ orúkọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ìwé náà dání lọ. Bí wọ́n bá ṣì ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín ẹbí, ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí mọ̀ pé fọ́tò lẹ wá yà, kí wọ́n má rò pé ẹ wá pín nǹkan. Ẹ gba nọ́ńbà baálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ pè é ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Òun ló mọ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn àti bóyá àwọn ajínigbé wà nítòsí. Bí ó bá ní kò dára, ẹ yí ọjọ́ padà.